Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Sadiq Daba àti Òkùnkùn Inú Sinimá October 1

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú ní Ìkẹjà, òpópónà Allen Avenue a máa pàwọ̀ dà. Àwọn tó wá sí báǹkì, àwọn tó wá ra fìríìjì àti tẹlifíṣọ̀n, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tó ń sáré wọ ọkọ̀ lọ sí Agége tàbí Ọ̀jọ́ta, gbogbo wọn a ti dín kù. Èéfín súyà a gba afẹ́fẹ́ kan, jẹnẹrétọ̀ a máa kùn lẹ́yìn ilé, iná ilé-ọtí a sì máa ṣẹ́jú sára ọkọ̀ tó ń kọjá. Àwọn obìnrin kan a dúró létí ọ̀nà. Ọkọ̀ ńlá a dẹ ìrìn, gíláàsì a wálẹ̀, ọ̀rọ̀ díẹ̀ a wáyé, ilẹ̀kùn a ṣí, a sì tún padé. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé ń wò. Agbófinró tó wà ní oríta ń wò. Kò sí ẹni tí kò rí i, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé òun rí i.

Ó ti pẹ́ tí òpópónà yìí ti mọ irú ìgbé-ayé bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí owó òjijì ń jáde nígboro Èkó, orúkọ Allen kì í jìnnà sí ẹnu àwọn tó ń sọ̀rọ̀ òwò kokéènì. Ilé ńlá ń yọ, ọkọ̀ tuntun ń wọlé, aládùúgbò sì mọ èyí tó yẹ kí òun béèrè àti èyí tí kò yẹ. Ìjọba ológun gbé òfin kan jáde ní ọdún 1984 tó sọ òwò oògùn olóró di ẹ̀ṣẹ̀ tí ikú jẹ́ ìjìyà rẹ̀. Ní ọdún 1985, wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta nítorí rẹ̀. Ní ọdún 1989, wọ́n dá àjọ NDLEA sílẹ̀. Òfin yí padà, ìjọba yí padà, ṣùgbọ́n àṣà kan dúró níbi tó wà: bí ojú bá rí, ẹnu a dákẹ́.

Inú irú àṣà yìí ni ẹ̀yà sinimá kan ti hù jáde ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn. Ní ọdún 1946, aṣelámèyítọ́ ará Faransé kan, Nino Frank, wo àwọn fíìmù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti Amẹ́ríkà wọ Paris lẹ́yìn ogun, ó sì pè wọ́n ní film noir, èyíinì ni sinimá dúdú. Dúdú tó ń wí kì í ṣe ti awọ ara. Ti òkùnkùn ni: òkùnkùn tó wà lára ògiri àti èyí tó wà nínú ọkàn ènìyàn. Nínú The Maltese Falcon ti ọdún 1941, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan ń wá òtítọ́ láàárín àwọn tí kò sí olóòótọ́ kankan nínú wọn. Nínú Double Indemnity ti ọdún 1944, ọkùnrin tó ti pa ọkọ olólùfẹ́ rẹ̀ nítorí owó ìbánigbófò jókòó sí ọ́fíìsì lóru, ó ń rojọ́ ara rẹ̀ fún ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀. Nínú In a Lonely Place ti ọdún 1950, Humphrey Bogart ṣe òǹkọ̀wé tí wọ́n fura sí pé ó pa obìnrin kan. Kò pa á, ṣùgbọ́n kí òtítọ́ tó dé, ìbínú rẹ̀ ti ba ohun gbogbo tó fẹ́ràn jẹ́.

Ohun tó so àwọn fíìmù wọ̀nyí pọ̀ ju ìbọn àti òjò òru lọ. Nínú gbogbo wọn, ẹnì kan wà tó mọ òtítọ́, òtítọ́ náà kò sì ṣe é láǹfààní. Nítorí náà, ojú òṣèré tó ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn ni ẹrù fíìmù bẹ́ẹ̀ ń wà. Ohun tí ẹnu kò lè sọ, ojú ni yóò sọ ọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè bóyá Nàìjíríà ti ṣe irú sinimá bẹ́ẹ̀ rí, ìdáhùn wà nílẹ̀. October 1 ni, èyí tí Kúnlé Afọláyan darí, tí Túndé Babalọlá kọ ìtàn rẹ̀, tó sì jáde ní ọdún 2014. Sadiq Daba ni olú òṣèré rẹ̀. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá báyìí tí fíìmù náà ti jáde, ó sì ti tó àkókò kí wọ́n máa pè é ní ohun tó jẹ́: ọ̀kan nínú àwọn ògúnná gbòǹgbò sinimá ilẹ̀ yìí, tí ìṣeré ọkùnrin kan ṣoṣo gbé dé ibi tó dé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní fara mọ́ pípè é ní film noir. Wọn yóò ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Akote ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, pé igbó àti oko ló wà níbẹ̀, pé oòrùn ń ràn, pé kò sí òpópónà tó dà bí Allen tàbí ilé-ọtí tó ń tan iná aláwọ̀ pupa. Òótọ́ ni. Ìlárá-Mọ̀kín ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tí wọ́n ti ya fíìmù náà, Yínká Edward tó di kámẹ́rà mú sì fi ewé tútù àti ilẹ̀ pupa ṣe ẹwà tó pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú ní Akote, fìtílà ló kù. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í kọjá ojú ẹni tó gbé e dání, apààyàn sì wà lẹ́yìn ibi tí ìmọ́lẹ̀ náà mọ. Òkùnkùn kò nílò ìlú ńlá kó tó lè jẹ́ òkùnkùn.

Ìtàn náà lọ báyìí. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1960 ni. Òmìnira kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ń bá àwọn ọ̀dọ́bìnrin jẹ́ ní Akote, wọ́n sì ń pa wọ́n. Ìjọba amúnisìn rán Inspẹ́kítọ̀ Danladi Waziri, ọlọ́pàá ará Òkè Ọya, láti wá wádìí ọ̀rọ̀ náà kí ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá tó pé, kí àsíá tuntun má bàa gòkè lórí ẹ̀jẹ̀. Ó dé ìlú tí kò mọ̀, láàárín àwọn ènìyàn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, tí sájẹ́ǹtì tó yẹ kó ràn án lọ́wọ́ sì ń fi ojú àjèjì wò ó. Káyọ̀dé Ọláìyá, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adérùpọkọ̀, ló ṣe Sájẹ́ǹtì Afọ̀njá yìí. Ẹ̀rín tí ó ń pa olùwòran kò jẹ́ kí ìtàn náà wúwo ju ohun tí ènìyàn lè gbé lọ.

Ẹni tí kò bá tíì wo fíìmù náà lè dúró níhìn-ín, nítorí kò sí bí ènìyàn ṣe lè sọ ìdí tí ìṣeré Daba fi ga tó bẹ́ẹ̀ láì sọ ibi tí ìtàn náà parí sí.

Apààyàn náà ni Ọmọọba Adérọ̀pò, ọ̀mọ̀wé ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé, tí ìlú ń fi yangàn. Démọ́lá Adédoyin ló ṣe é. Ní ìgbà èwe rẹ̀, wọ́n fi í sábẹ́ àbójútó òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan, òyìnbó, tí gbogbo ènìyàn ń bọ̀wọ̀ fún, kí ó lè kàwé. Ọkùnrin náà bá a ṣèṣekúṣe léraléra. Ọmọ mìíràn tún wà tí irú ìyà kan náà jẹ: Àgbẹ́kọ̀yà, tí Kúnlé Afọláyan fúnra rẹ̀ ṣe. Òun ní tirẹ̀ sá padà sí oko, ó kẹ̀yìn sí ilé-ìwé, kò sì fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ dé ibẹ̀. Ìlú ń pè é ní aláìmọ̀kan. Kò sí ẹni tó bi í léèrè ìdí.

Nígbà tí Waziri rí òtítọ́ yìí, àwọn aláṣẹ òyìnbó ní kí ó bò ó mọ́lẹ̀. Bí ó bá sọ pé ọmọ ọba ni apààyàn, tí ó sì sọ ẹni tó bà á jẹ́, wọ́n ní àlàáfíà orílẹ̀-èdè tuntun yóò dàrú. Waziri, ẹni tó ti ń sin ìjọba wọn bọ̀ láti ìgbà pípẹ́, tẹ́wọ́ gbà á. Nígbà tí ìlú ń jó, tí wọ́n ń yọ̀ pé àwọn ti di òmìnira, ọkùnrin kan wà láàárín wọn tó mọ ohun tí wọ́n sin sábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń jó.

Níhìn-ín ni iṣẹ́ Sadiq Daba ti hàn. Òṣèré mìíràn ìbá fi igbe ṣe é. Ìbá gbá tábìlì, ìbá da omi lójú, ìbá sọ̀rọ̀ gígùn nípa òdodo. Daba kò ṣe ọ̀kankan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà ló ti ń dín ohùn rẹ̀ kù. Ó jẹ́ akéde lórí tẹlifíṣọ̀n NTA fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó mọ bí ohùn ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì mọ ohun tí ènìyàn lè rí gbà nípa mímú un rẹlẹ̀. Waziri kì í yára sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè, ó máa ń kọ́kọ́ wo ẹni náà, bí ẹni pé ìdáhùn wà lójú onítọ̀hún. Èjìká rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ sínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí òkú ti ń pọ̀ sí i, ojú rẹ̀ ń jìn sí i. Olùwòran á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìgbà tí inú ń bí i láti ara bí ó ṣe túbọ̀ ń dákẹ́.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní kí ó pa ẹnu mọ́ ní ìgbẹ̀yìn, òun ti ń kọ́ olùwòran láti wákàtí méjì sẹ́yìn bí a ṣe ń ka ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀. Kò sí ohun tó kù láti sọ. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìrora tó wà lójú rẹ̀ nígbà yẹn kì í ṣe ti ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun nìkan. Ti ẹni tó mọ̀ pé òun náà ti di ọ̀kan nínú àwọn tó bo ọ̀rọ̀ ni. Ó wá láti tú àṣírí, ó sì ń lọ gẹ́gẹ́ bí olùpamọ́ rẹ̀. Àyíká tí film noir máa ń yí nìyẹn. Bí Double Indemnity ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin tó ń rojọ́ ohun tó ti kọjá, bẹ́ẹ̀ náà ni October 1 ṣe mú Waziri dé iwájú àwọn ọ̀gá rẹ̀ kí ìtàn tó padà sẹ́yìn. Ìyàtọ̀ kan wà: ọkùnrin ti Amẹ́ríkà rí ẹ̀rọ sọ tirẹ̀ fún, wọ́n gba ìwé ìròyìn lọ́wọ́ Waziri, wọ́n sì ní kí ó máa lọ.

Kì í ṣe pé fíìmù náà kò ní àbùkù. Ó gùn; ó lé ní wákàtí méjì, ibì kan sì wà láàárín rẹ̀ tí ìwádìí náà ń yí lójú kan. Olùwòran tó bá fara balẹ̀ lè ti mọ apààyàn kí Waziri tó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀sùn tó lágbára jù lọ ni ti àwọn tó sọ pé ó léwu láti sọ ọmọ tí wọ́n bá ṣèṣekúṣe di apààyàn. Wọ́n ní ó lè mú kí àwùjọ máa fi ojú ìfura wo àwọn tó yẹ kí wọ́n ṣàánú. Ẹ̀sùn yìí tọ́ sí ìdáhùn, nítorí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí irú ìyà bẹ́ẹ̀ jẹ kò pa ẹnikẹ́ni. Ara wọn ni wọ́n ń fi ẹrù náà pa. Ṣùgbọ́n fíìmù náà ti dáhùn fúnra rẹ̀. Ọmọ méjì ni ìyà kan náà jẹ. Ọ̀kan di apààyàn, èkejì di àgbẹ̀ tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ débi pé kò jẹ́ kó lọ sí ilé-ìwé. Ìyà náà nìkan kọ́ ló sọ Adérọ̀pò di ohun tó dà. Ìlú tí kò béèrè wà níbẹ̀, òkìkí tó ń dáàbò bo ẹlẹ́ṣẹ̀ wà níbẹ̀, owú àti ẹ̀san tí òun fúnra rẹ̀ yàn sì wà níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan Nàìjíríà ti òde òní nìyí. Yorùbá máa ń sọ pé gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn. Ọgbọ́n ńlá ni òwe náà, nítorí kò yẹ kí ìdílé máa gbé ìjà tọkọtaya lọ sí ọjà. Ṣùgbọ́n iye ìgbà tí wọ́n ti fi òwe yìí kan náà pa ọmọdé lẹ́nu mọ́ kò ṣeé kà. Ọmọ ní olùkọ́ kan fọwọ́ kan òun níbi tí kò yẹ, wọ́n ní kó má ba orúkọ ilé-ìwé jẹ́. Ọmọ ní alàgbà kan, ààfáà kan tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá òun ń wá sí yàrá òun lóru, wọ́n ní àlàáfíà ilé ló ṣe pàtàkì. Ọ̀rọ̀ tí àwọn òyìnbó sọ fún Waziri ní ọdún 1960 ni àwọn àgbà ilé ń sọ fún ìyá ọmọ títí di òní: bò ó, kí ìlú lè tòrò.

Òfin wà. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé láti ọdún 2007, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn ní ọdún 2015, ní ọdún 2021 sì ni òfin Èkó fìdí àjọ tó ń rí sí ìwà ipá abẹ́lé àti ìfipábánilòpọ̀ múlẹ̀. Sẹkitéríàtì Aláùsá, níbi tí ìjọba ti ń ṣe irú òfin wọ̀nyí, kò jìnnà rárá sí Allen Avenue. Ṣùgbọ́n òfin kò ní ojú tó fi ń ríran. Ẹni tó bá rí ni yóò sọ fún un. Níbi tí gbogbo ènìyàn bá ti gbà pé kí ẹnu dákẹ́, àgánrándì tí wọ́n kọ òfin sí lára lásán ni òfin náà.

Ẹnìkan lè ní kí ni agbára sinimá nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí. Agbára rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó wà. Ìwàásù lè sọ fún ènìyàn pé kó sọ òtítọ́. Ìṣeré Sadiq Daba fi hàn án ohun tí òtítọ́ tí a kò sọ ń ṣe fún ara ẹni tó gbé e mì. Kò pọn dandan kí olùwòran jẹ́ ọlọ́pàá kó tó dá ojú yẹn mọ̀. Ojú ìyá tó mọ̀ ni. Ojú olùkọ́ àgbà tó mọ̀ ni. Ojú ọlọ́dẹ tó jókòó lẹ́nu géètì ní Allen lóru, tó rí bí ọmọ ṣe kéré tó nínú ọkọ̀ tó wọlé, tó sì ṣí géètì, ni.

Sadiq Daba kò pẹ́ láyé lẹ́yìn iṣẹ́ yìí. Àwọn tó dàgbà ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà Cockcrow at Dawn lórí NTA ní àwọn ọdún 1980, ṣùgbọ́n October 1 ló sọ ọ́ dọ̀tun fún àwọn ọ̀dọ́, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ òṣèré tó dára jù lọ nítorí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àìsàn jẹjẹrẹ bá a jà, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ké gbàjarè sí aráyé fún owó ìtọ́jú. Ó kú ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹta, ọdún 2021. Ó jẹ́ ìtìjú pé ẹni tó fún orílẹ̀-èdè ní irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ ní láti máa gbára lé ọrẹ àtinúwá nígbà tí ara rẹ̀ kò le mọ́. Ètò ìlera àti owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn òṣèré kì í ṣe àánú. Ẹ̀tọ́ wọn ni, ó sì yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ òṣèré àti ìjọba fi ẹnu kò lé e lórí kí ẹlòmíràn tó dùbúlẹ̀.

Ọdọọdún, ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n a máa fi àsíá, ayẹyẹ àti ọ̀rọ̀ ààrẹ kún ọjọ́ náà. Ó yẹ kí ọ̀kan nínú wọn máa fi October 1 hàn ní alẹ́, kí àwọn òbí sì jókòó wò ó pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn tó ti dàgbà tó. Nígbà tó bá parí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yára pa tẹlifíṣọ̀n. Kí ìyá tàbí bàbá bi ọmọ rẹ̀ léèrè, ní ohùn jẹ́jẹ́ bí ti Waziri, bóyá ohun kan wà tó ti ń fẹ́ sọ tí kò rí ẹni sọ ọ́ fún. Kí ó sì máa wo ojú ọmọ náà bí ó ti ń dáhùn.